Oyè Kọ́ Ni Ó Sọ Ọ́ Di Ènìyàn: Ìgbésí Ayé Òṣèlú Learie Constantine ti Trinidad

  Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní kí a kọ nǹkan nípa ipò àṣẹ àti ìwà ọmọlúàbí, nítorí pé kò sí ìjọba kan tí ó jẹ ní àgbègbè wa yìí tí a kò rí ọmọ ilé-ìwé wa nínú rẹ̀. A ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. A kò fẹ́ kọ nípa ẹni tí ó wà lórí àga lónìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé à ń pọ́n ẹnìkan tàbí pé à ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn. Nítorí náà ni a ṣe lọ mú ẹni tí ó jìnnà sí wa, tí ó sì ti sùn ní ti Olúwa, kí gbogbo wa lè wo ojú ara wa nínú dígí rẹ̀ láìsí ìbínú.

Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ kíláàsì wa. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì, olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní kíríkẹ́ẹ̀tì a máa pe orúkọ ọkùnrin dúdú kan bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn a ní, "Ṣé bí Constantine ṣe ń mú u nìyẹn?" Ohun tí a mọ̀ nípa Learie Constantine kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di ìgbà tí a wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, tí a sì rí ìwé kan nípa rẹ̀ nínú ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ọkùnrin náà jẹ́ agbẹjọ́rò, pé ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣèlú, pé ó ṣe mínísítà ìjọba, pé ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti pé òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún márùn-ún péré ni ó fi ṣe mínísítà. Síbẹ̀, ó dá wa lójú pé bí ó ṣe dé ibẹ̀, àti bí ó ṣe kúrò, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tí a bá fi oyè lé lórí.

Ọmọ alábòójútó oko kòkó

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1901 ni a bí Learie Nicholas Constantine ní Petit Valley, nítòsí Diego Martin, ní erékùṣù Trinidad. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Trinidad wà nígbà náà. Ìran ẹrú ni ó ti wá. Ọ̀rọ̀ oko ẹrú kò sì tíì di ìtàn àtijọ́ láàárín wọn, nítorí ọdún 1838 ni a tó tú àwọn ẹrú sílẹ̀ pátápátá ní àwọn erékùṣù náà. Lẹ́yìn ìgbà náà pàápàá, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ sí Trinidad. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Yarraba ni wọ́n sì ń pè wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, bí a ti ń sọ ìtàn yìí, kí a má ṣe rò pé ìtàn àwọn àjèjì pátápátá ni.

Alábòójútó oko kòkó ni Lebrun Constantine, bàbá rẹ̀. Òun náà jẹ́ àgbà òṣèré kíríkẹ́ẹ̀tì tí ó bá àwọn ọmọ West Indies lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900 àti 1906. Àwọn Yorùbá ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé ni Learie sì ti kọ́ eré náà. Nígbà tí ó jáde ní ilé-ìwé ní ọdún 1917, ó di akọ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan. Ó wù ú gidigidi kí òun náà di agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ní Trinidad ìgbà náà, ọmọ tálákà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú kò ní ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀. Ó gbé ìfẹ́ ọkàn yìí pamọ́ fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n.

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní ọdún 1928, nínú ìdíje kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ Middlesex ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba ayò 86 nígbà àkọ́kọ́, ó gba 103 nígbà kejì, ó sì tún fi bọ́ọ̀lù jíjù lé méje nínú àwọn alátakò wọn kúrò lórí pápá fún ayò 57. Okìkí rẹ̀ kàn. Ní ọdún 1929, ìlú Nelson ní Lancashire, níbi tí iṣẹ́ aṣọ híhun ti pọ̀, gbà á láti máa gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Òun àti Norma aya rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn nìkan ni ènìyàn dúdú ní gbogbo ìlú náà. Àwọn ọmọdé a máa yọjú wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n fara dà á, wọ́n fi sùúrù àti ìwà tútù bá àwọn ará ìlú gbé, títí wọ́n fi di ọmọ ilé.

Nelson náà ni òṣèlú ti wọ ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1932, C. L. R. James, ọmọ Trinidad tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé, wá bá wọn gbé. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn erékùṣù wọn yóò ṣe máa ṣe àkóso ara wọn. Constantine fi owó ran James lọ́wọ́ láti tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ń dun Constantine jù kò jìnnà: ní gbogbo ọdún tí ó fi gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún West Indies, aláwọ̀ funfun ni àwọn aláṣẹ máa ń yàn ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, bí ó ti wù kí ènìyàn dúdú mọ eré náà tó. Ó rí i pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọba.

Òtẹ́ẹ̀lì tí kò fẹ́ gbà á

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Constantine ṣe òṣìṣẹ́ ní Liverpool, láti máa tọ́jú àwọn ọmọ West Indies tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Ní òpin oṣù Keje ọdún 1943, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nínú ìdíje kan ní Lord's. Ó ti gba àyè sílẹ̀ fún ara rẹ̀, aya rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn fún òru mẹ́rin ní Imperial Hotel. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, a sọ fún wọn pé òru kan ṣoṣo ni wọ́n lè sùn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì náà, a kò sì fẹ́ kí ojú wọn rí ènìyàn dúdú níbẹ̀.

Ó rí ibòmíràn sùn ní òru náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ yóò ti sọ fún un pé ogun ń lọ lọ́wọ́, kí ó mójú kúrò. Ṣùgbọ́n ó gbé òtẹ́ẹ̀lì náà lọ sí ilé ẹjọ́. Kí ẹ̀yin ọmọ wa ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ní àkókò yẹn, kò sí òfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Òfin àtijọ́ kan ni àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé ara lé, èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó bá la ilé àlejò kò gbọdọ̀ lé arìnrìn-àjò padà láìnídìí bí àyè bá wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, Adájọ́ Birkett dá Constantine láre. Gíní márùn-ún péré ni owó ìtanràn náà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé gbọ́ pé a ti dá ènìyàn dúdú láre ní kóòtù Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbàkigbà tí a bá ka ìtàn yìí, Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní Fílípì ni ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn. A ti nà wọ́n láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, ilẹ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ fẹ́ tú wọn sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀ láti yọ́ lọ. Kì í ṣe nítorí ìgbéraga. Ó mọ̀ pé bí òun bá yọ́ lọ, ohun tí a ṣe sí òun ni a ó ṣe sí ìjọ kékeré tí òun fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdáríjì yàtọ̀ sí kí ènìyàn yọ́ lọ. Constantine kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì dáwọ́ ogun tí ó ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó kàn kọ̀ láti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde ni.

Ó di mínísítà

Lẹ́yìn ogun, ó padà sí ìfẹ́ ọkàn ìgbà èwe rẹ̀. Ó jókòó ti ìwé òfin pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè bí lọ́mọ. Ní ọdún 1954, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, a gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó gbé ìwé Colour Bar jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì padà sí Trinidad láti ṣiṣẹ́ òfin fún ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì kan.

Ilé gbóná fún òṣèlú nígbà tí ó dé. Dókítà Eric Williams, onímọ̀ ìtàn, ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jọ ní gbàgede Woodford Square ní Port of Spain, ó ń kọ́ wọn ní ìtàn àti ọ̀rọ̀ ìlú bí ẹni pé yunifásítì ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956, a dá ẹgbẹ́ People's National Movement sílẹ̀, a sì fi Constantine ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìdìbò ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹgbẹ́ náà mú àga 13 nínú 24. Constantine wọlé fún àgbègbè Tunapuna. Williams di olórí ìjọba, ó sì fi Constantine ṣe mínísítà fún ìgbòkègbodò, iṣẹ́ òde àti àwọn ohun amáyédẹrùn.

Àwọn àgbà ní, a ní kí o wá jẹ oyè àwòdì, o kò lè gbé adìẹ. Oyè àwòdì ni ilé iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà, afárá, ìrìnnà, omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí ilé-ìwé bá bàjẹ́, ó lè pẹ́ kí aráàlú tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀, mínísítà ni wọn yóò bú kí wọ́n tó jẹun. Ìjọba wọn gbé ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún márùn-ún kalẹ̀ láti ọdún 1958 dé 1962, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà sì já lé èjìká ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a má purọ́ fún ara wa: àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ayé rẹ̀ kò sọ pé ó jẹ́ òléwájú nínú àríyànjiyàn ilé ìgbìmọ̀. Ó ti pẹ́ ní òkè òkun, àwọn kan sì ń wò ó bí àlejò ní ilé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn alátakò ń jù sí i a máa dùn ún, nítorí kò ní awọ líle tí òṣèlú ń fẹ́. Lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, bí ènìyàn bá ta yọ, alátakò rẹ̀ pàápàá yóò pàtẹ́wọ́ fún un; nínú ilé ìgbìmọ̀, ohun rere tí o ṣe ni wọn yóò kọ́kọ́ wá àbùkù sí. Síbẹ̀ ó lo sáà rẹ̀ tán, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà.

Nígbà tí ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 1961 súnmọ́lé, kò jáde mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìdìbò náà. Ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ni, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. A kò rò pé ẹnikẹ́ni ì bá lè tì í kúrò. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí òun lè ṣe àti ohun tí òun kò lè ṣe. Kí ènìyàn mọ èyí nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń yìn ín, ẹ̀bùn ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bristol

Ìjọba rẹ̀ rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti jẹ́ aṣojú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1962, Trinidad àti Tobago gba òmìnira, Constantine sì di aṣojú àgbà orílẹ̀-èdè olómìnira. Ọdún náà ni ọba-bìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Bí ó bá ṣe pé ìsinmi ni ó ń wá, ibi ìsinmi ti dé.

Ṣùgbọ́n ní ìlú Bristol, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akérò ìlú náà kì í gba ènìyàn dúdú láti wa ọkọ̀ tàbí láti gba owó ọkọ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ti ìwà náà lẹ́yìn. Ní ọdún 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Guy Bailey, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade, lọ wá iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n ní kò sí ìdí láti bá a sọ̀rọ̀. Paul Stephenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ké sí àwọn ará ìlú ní ìparí oṣù Kẹrin pé kí wọ́n má ṣe wọ ọkọ̀ náà mọ́.

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Constantine kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Ó lọ sí Bristol fúnra rẹ̀. Ó bá olórí ìlú náà àti akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà wà lábẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ilé iṣẹ́ náà kéde pé kò ní sí ìyàtọ̀ àwọ̀ mọ́ nínú gbígba òṣìṣẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Martin Luther King sọ ọ̀rọ̀ ńlá rẹ̀ ní Washington.

Inú ìjọba ilé rẹ̀ kò dùn. A kò ní bú Dókítà Williams lórí èyí, nítorí ó ní ìdí tirẹ̀. Aṣojú orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ilẹ̀ tí ó gbà á lálejò. Òfin àwọn aṣojú ni. Orílẹ̀-èdè wọn kò sì tíì pé ọdún kan nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ni ó pàdé lọ́nà: òfin ipò náà ń fa Constantine sí apá kan, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń fà á sí apá kejì. Kò sọ pé òfin náà kò dára. Ó yan ẹ̀rí ọkàn, nígbà tí àkókò àti san owó rẹ̀ sì dé, ó san án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, ó fi ipò náà sílẹ̀. Kò dá ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn sílẹ̀ láti fi gbẹ̀san.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yẹ kí a sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n rò pé ẹni tí ó bá kúrò lórí àga ti parí nìyẹn. Ní ọdún 1965, ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ tí ó kọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nígbà tí a yan ènìyàn mẹ́ta péré sínú ìgbìmọ̀ tí yóò bójú tó òfin náà ní ọdún 1966, Constantine wà nínú wọn. Ọkùnrin tí ó ní láti wá òfin àtijọ́ gbé ara lé ní ọdún 1944 ni ó wá ń ṣọ́ òfin tuntun. Ní ọdún 1968, ó di ọ̀kan nínú àwọn gómìnà BBC. Ní ọdún 1969, a fi í jẹ oyè ìjòyè ilé ìgbìmọ̀. Ibi méjì ni ó fi sí orúkọ oyè náà: Maraval, níbi tí ó ti dàgbà, àti Nelson, níbi tí àwọn ọmọdé ti yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1971. A gbé òkú rẹ̀ lọ sí Trinidad, ìjọba sì sin ín tìyì-tẹ̀yẹ, wọ́n fi Trinity Cross, oyè tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn nígbà náà, dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Kí ni a ó wí sí nǹkan wọ̀nyí?

Nígbà tí a fi oyè mínísítà lé Constantine lórí, ó ti jẹ́ ènìyàn kí oyè tó dé. Òtẹ́ẹ̀lì ti dán an wò, ìlú àjèjì ti dán an wò, ìwé òfin ti dán an wò. Nítorí náà, nígbà tí ó bọ́ oyè sílẹ̀, kò sí nínú ìhòòhò. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé oyè ni aṣọ kan ṣoṣo tí ó ní, báwo ni yóò ṣe gbà láti bọ́ ọ? Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wa fi ń di àga mú títí àga yóò fi fọ́.

Àwa tí a wọ aṣọ àlùfáà kò lè yọ ara wa sílẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan níbi tí a ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò san owó oṣù wọn fún ìgbà pípẹ́. A mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti wá bá wa nílé pẹ̀lú omijé. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà súnmọ́ ìgbà tí a ó yan àwọn olóyè, a sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Módékáì ránṣẹ́ sí Ẹ́sítérì nínú ààfin, a ti wàásù lé e lórí lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ náà, etí wa di sí i. A rí oyè náà gbà. Kò dùn mọ́ wa. Ó ku ìwọ̀nba ọdún kí a fẹ̀yìn tì, àdúrà wa sì ni pé kí Ọlọ́run tún fún wa ní àyè kan láti sọ̀rọ̀ níbi tí a ti dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ yín dáadáa, kí orúkọ yín dúró lórí iṣẹ́ náà kí oyè tó dé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní ipò àṣẹ, a kò sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. A kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ kò ní tà nítorí rẹ̀, kí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ náà tó dé. Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ìwé wa, kí ó sì mú kí àwọn tí yóò jáde ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sàn jù wá lọ. Àmín.